Ẹ gbà mí lórí ṣọ́ọ̀kù F-250 mi, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé

Ẹlẹ́ja Ẹ̀gbẹ́dá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Láti ìgbà tí ọdún ti yí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn mọ́tò akẹ́rù mi, Ford F-250. Méjì méjì ni mo ń rà á. Àkọ́kọ́, tòkunbọ̀ ni, ní Gate. Ìkejì, tuntun nínú páálí. Ìkẹta yìí, ọmọkùnrin tó tà á fún mi fi ìyá rẹ̀ búra pé ojúlówó ni. Lánàá, à ń bọ̀ láti Ifẹ̀, a ti já ẹja, owó ti wọlé, ọkàn mi balẹ̀. A kọjá Ìkirè, a bọ́ sí kòtò kan, mo kàn gbọ́ “gbàù!” Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀: etí ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kù ti já, bọ́ọ̀ṣì, rọ́bà inú etí rẹ̀, ti fà ya bíi pọ̀nmọ́, ọ́yìlì ń kán tó, tó, tó sórí táyà. Mo jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, mo sunkún. Mẹkáníìkì mi ò gbé ìpè mi mọ́. Ọkọ mi ní òun ti sọ ọ́ pé kí n ra Hilux. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ra ṣọ́ọ̀kù Bilstein tàbí Monroe. Èwo ló lágbára jù? Ẹ dákun, ọjọ́ Ẹtì ni mo tún ń gbé ẹja.

Baba Ìbejì Mọ́níyà: Bilstein ni o, ti Jámánì. Ẹ pẹ̀lẹ́, ojú mi ti rí irú ẹ̀. Hilux ni mo fi ń kó iṣu láti Ìsẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀kù mi jò, n ò mọ̀. Táyà ẹ̀yìn wá ń jẹ ní gbágungbàgun, ibì kan ga, ibì kan jìn. Mo ra táyà tuntun, ó tún jẹ ẹ́. Fọ́kánáísà ló fọwọ́ pa á, tó ní, “Baba, táyà kọ́ o, ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀kù yín.” Owó táyà mẹ́rin ti wọgbó.

Ọmọ Àpáta: Monroe kò burú, owó ẹ̀ ò sì gani lára. Òfégè ló pọ̀ lọ́jà. Ìyá wa, wọ́n ti lù yín ní jìbìtì.

Alàgbà Olúyọ̀lé: Kí ni obìnrin ń wá nídìí F-250? Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Adìẹ Akínyẹlé: Bàbá, ẹ má bínú, ìmọ̀ràn ló ní ká gba òun. Ẹni tó ń gbé ẹja dé Ifẹ̀ lórí ọ̀nà yẹn, ó yẹ ká kí i ni.

Mẹkáníìkì Mókọ́lá: Ẹ kú àtẹ̀mọ́ra, Mà. Kí ẹ tó náwó sí Bilstein: mọ́tò ọdún wo ni? Ẹrù rẹ̀ tó kílò mélòó? Ṣé ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan nǹkan lábẹ́ rẹ̀? Ṣọ́ọ̀kù kì í gbé ẹrù. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ló ń gbé e. Ṣọ́ọ̀kù ni kì í jẹ́ kí sípíríǹgì máa fò sókè sódò: písítọ́ọ̀nù ń ti ọ́yìlì gba ihò tóóró. Lójú ọ̀nà gbágungbàgun, ọ́yìlì yẹn á gbóná, á hó ìfóòfó, agbára rẹ̀ á dínkù. Ìdí nìyẹn tí irú Bilstein fi ní gáàsì nitrogen tó ń tẹ ọ́yìlì mọ́lẹ̀.

Ẹlẹ́ja Ẹ̀gbẹ́dá: @Alàgbà, èmi ni mo fowó mi rà á, èmi náà ni mo ń wà á. @Mẹkáníìkì, 2008 ni. Ẹrù mi ò pọ̀, tánkì méjì péré, ẹja kílò 300.

Ìyá Adìẹ Akínyẹlé: Tánkì onílítà mélòó, àǹtí mi? Omi ńkọ́?

Ẹlẹ́ja Ẹ̀gbẹ́dá: 500, 500. Omi máa ń ju ìdajì lọ díẹ̀.

Mẹkáníìkì Mókọ́lá: Lítà omi kan, kílò kan. Omi bíi 600, ẹja 300, ká má tíì ka èèyàn. Iye tó lè gbé wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ẹ lọ kà á. Omi tí kò kún tánkì máa ń bì síwá sẹ́yìn, á máa ti mọ́tò. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń fa etí ṣọ́ọ̀kù já. Ẹ ní nígbà tí ẹ ń bọ̀ lófìfo ni. Àwọn méjì ìṣáájú ńkọ́?

Ọmọ Àpáta: Òfégè ni mo ní! Kí la tún ń wádìí?

Ẹlẹ́ja Ẹ̀gbẹ́dá: Mo ti ronú sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nígbà àbọ̀ ni. Ohun kan wà tí n ò kà sí. Nígbà tí ọdún tó kọjá ń parí lọ, ìdí mọ́tò ń wọlẹ̀ tí ẹrù bá ti wà níbẹ̀. Wẹ́dà kan ní Ìwó Road fi irin gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè fún mi, bí ìka ọwọ́ mẹ́rin, sórí irin tó bá mọ́tò wá lábẹ́ sípíríǹgì.

Mẹkáníìkì Mókọ́lá: Háà! Màmá, òun rèé. Ìdí mọ́tò gòkè, ṣọ́ọ̀kù ò gùn sí i. Tí kò bá sí ẹrù, ṣọ́ọ̀kù ti nà tán. Tí táyà bá wá já sí kòtò, òun ló máa so áàsù, irin tó di táyà ẹ̀yìn méjèèjì mú, rọ̀. Kò sí Bilstein tí kò ní ya. Irin lórí irin tún léwu ju ti ṣọ́ọ̀kù lọ, ó lè yọ lórí eré kí áàsù sì yí. Ẹ má gbé e jáde.

Baba Ìbejì Mọ́níyà: Ṣebí Bilstein ní ti àwọn mọ́tò tí wọ́n gbé sókè?

Mẹkáníìkì Mókọ́lá: Ó ní, bí mọ́tò bá ṣe ga tó ni wọ́n fi ń tà á. Àmọ́ kí irin yẹn kúrò ná. Kí wọ́n yẹ sípíríǹgì wò, bí ó bá ti rẹ̀ tàbí bí ọ̀kan bá sán, ibẹ̀ ni kí owó lọ. Ẹ bá mi wọn ṣọ́ọ̀kù láti ihò dé ihò, kí mọ́tò dúró lórí ilẹ̀ lófìfo. Ẹ tún fa èyí tó ti já títí dé òpin, kí ẹ wọn òun náà.

Ẹlẹ́ja Ẹ̀gbẹ́dá: Ọmọ mi ti wọ̀n ọ́n. Àárín méjèèjì ò ju ìdajì ínṣì lọ, ṣọ́ọ̀kù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán lóòótọ́. Owó ṣọ́ọ̀kù mẹ́fà! Mo ti pe oníbàárà Ifẹ̀ pé kó má retí mi lọ́jọ́ Ẹtì. @Mẹkáníìkì, lọ́la ńkọ́, aago mélòó ni kí n gbé sípíríǹgì wá? Àbí ẹ ó wá tú u níbí, nígbà tí kò gbọdọ̀ jáde?