Re: "Àwòkọ́ṣe ọkọ̀": ẹ yọ "kọ́" yẹn kúrò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjíròrò. Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń kọ bọ̀ lórí orúkọ tá a máa pe àwọn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi síńkì dà, tí wọ́n jọ mọ́tò bọ̀gìnnì ayé àtijọ́ ti Amẹ́ríkà, Cadillac, Packard, Duesenberg, táwọn èèyàn ń kó jọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì. Ẹ̀gbọ́n wa ní ká máa pè é ní "àwòkọ́ṣe ọkọ̀". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, mi ò gbà. Kí ni "kọ́" ń wá níbẹ̀? Ìwà la fi ń ṣe àwòkọ́ṣe. Ọmọ wo ìyá ẹ̀, ó kọ́ ọ, òun náà ń ṣe é. Cadillac kékeré ò kọ́ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹnìkan ló wo ọkọ̀ ńlá, tó wọ̀n ọ́n, tó ṣe irú ẹ̀. Wò, ṣe. Àwòṣe. Ó parí.

Ẹni tó wá ní "ọkọ̀ ìṣeré" ló tiẹ̀ bí mi nínú jù. Ọkọ̀ ìṣeré lèyí tọ́mọdé ń so okùn mọ́ tó ń wọ́ káàkiri àgbàlá. Ẹ wo Cadillac Eldorado ọdún 1959, èyí tó ní ìyẹ́ gíga méjì lẹ́yìn bíi ti ẹ̀rọ òfuurufú, ínṣì 225 ni gígùn ojúlówó ẹ̀. Ìdá kan nínú 24 lèyí tí Franklin Mint, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ṣe irú àwọn ọkọ̀ kékeré yìí, ṣe, ẹ pín in, ínṣì 9 ó lé díẹ̀ lẹ máa bá, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe wọn gbogbo ara ẹ̀ yòókù. Duesenberg Model J tó wà lórí tábìlì mi níbí, tẹ́ ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ẹ máa rí ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà 8 tí wọ́n kùn láwọ̀ ewé, tòun ti wáyà tín-ín-rín tín-ín-rín tó lọ sí ara púlọ́ọ̀gì. Lincoln Continental ọdún 1961 ńkọ́? Ẹ̀yìn ni ìdè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ló wà lára àwòṣe ẹ̀. Ṣé ẹ máa gbé ìyẹn fọ́mọ ọdún mẹ́ta?

Ọwọ́ bàbá àgbà mi tó jẹ́ agbẹ́gilére ni mo dàgbà sí, kò sẹ́ni tó jẹ́ dé iwájú wọn pe iṣẹ́ ọwọ́ wọn ní ìṣeré. Àwọn àgbà yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń sọ nǹkan lórúkọ. Ẹ wo "ayọ́kẹ́lẹ́", ó yọ́ kẹ́lẹ́ kọjá, orúkọ ti tán nìyẹn, wọn ò fi ìpadé kankan ṣe é.

Àti pé ta ló ní bọ̀gìnnì kì í ṣe Yorùbá, ká máa pè é ní "ọkọ̀ ọlọ́lá"? Ọlọ́lá lẹni tó jókòó sínú ọkọ̀. Kí ẹni yẹn kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí tó fi kọ "ayọkẹ́lẹ́" lánàá láìfi àmì òkè sórí "yọ́", nígbà tó jẹ́ pé òun náà ló ń sọ fún gbogbo wa pé òun gboyè nínú ẹ̀kọ́ èdè. Mò ń retí èsì.