Ẹsẹ̀ bàbá mi: ṣé kí wọ́n máa rìn ni àbí kí wọ́n máa fi ọwọ́ ṣe ẹsásáìsì?

Ọmọ Bàbá: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Bàbá mi ti pé 68, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n sì fa sìgá fún ọdún gbọọrọ. Tí wọ́n bá ti rìn dé òpó iná kẹta sí ilé wa, ẹran ẹ̀yìn ojúgun wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn pinpin, wọ́n á wá dúró níwájú ìsọ̀ kan, wọ́n á máa béèrè iye tí wọ́n ń ta nǹkan tí wọn ò fẹ́ rà, káwọn èèyàn má bàa mọ̀ pé ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n. Tó bá tó ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta, ó ti lọ nìyẹn. A ń pè é ní arọmọléegun títí tí dókítà fi wọn BP apá pẹ̀lú ti ọrùn ẹsẹ̀, ó ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sẹ́sẹ̀ ló ti ń dí, PAD lorúkọ ẹ̀, ó ní kí wọ́n máa rìn. Bàbá ní ṣé ohun tó ń dun òun náà ló tún ní kóun máa ṣe. Ẹnì kan wá sọ pé ẹsásáìsì ọwọ́ náà ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Ṣóòótọ́ ni?

Físíò: Òótọ́ ni o. Ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi àwọn tó ní PAD yìí ṣèwádìí: àwọn kan rìn lórí ẹ̀rọ, àwọn kan jókòó ń fi ọwọ́ yí pẹ́dàlì, fún ọ̀sẹ̀ 12. Nígbà tó parí, àwọn tó ń fi ọwọ́ yí pẹ́dàlì náà rìn jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! 2009 ni wọ́n gbé e jáde. Kì í ṣe pé ọwọ́ la iṣan tó dí o, gbogbo ara ló ń le sí i. Ṣùgbọ́n ìrìn ṣì lọ̀gá. Kí wọ́n rìn títí á fi dùn wọ́n dáadáa, kí wọ́n dúró kó lọ, kí wọ́n tún gbéra, ó kéré tán ìṣẹ́jú 30, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́ta.

Ìyá Ìbejì: Iyán gígún ńkọ́? Ọwọ́ náà ṣáà ni.

Físíò: Iyán kì í pẹ́ kúnná ma, ẹni tó ń gún un á sì ti máa mí hẹlẹ. Ti pẹ́dàlì ò rí bẹ́ẹ̀: nínú irú ìwádìí yìí tí wọ́n ṣe ní Sheffield ní England, ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fi ń fi ọwọ́ yí i, wọ́n á sinmi méjì, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Peckham: Èmi gan-an ní in. Oṣù mẹ́ta ni mo fi lọ sí kíláàsì ìrìn ní ọsibítù níbí ní London, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bẹ Bàbá kí wọ́n má ṣe dá a dúró lágbede méjì. Ìgbà tí mo jáwọ́ nínú sìgá ni mo tó ríyàtọ̀.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn lálaalẹ́ nítorí ṣúgà yẹn, kí wọ́n má sì rin ẹsẹ̀ lásán. Tó bá ń dùn wọ́n lóru lórí bẹ́ẹ̀dì, tàbí egbò ò jinná, tàbí ọmọ ìka dúdú, tàbí ẹsẹ̀ ṣàdédé tutù, ẹ fi ẹsásáìsì sílẹ̀, ọsibítù lọ́jọ́ náà ni o!

Ọmọ Bàbá: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní àwọn á máa rìn, bàtà wọn ni wọ́n ń wá báyìí.