Ẹ gbà mí o, ẹja mi kò tóbi!

Ọmọ Ajílété: Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Owó tí mo ti kó sí kòtò ẹja tí mo gbẹ́ sẹ́yìn ilé lọ́nà Ìkòyí kò ṣe é sọ fún ìyàwó. Oúnjẹ ẹja ń wọ́n sí i, ẹni tó ń tà á fún mi ní Tákíè tún máa ń wò mí bí ẹni tó wá tọrọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé yọ̀yọ̀ ni mo ń sìn ni. Ó ti lé lọ́dún kan, wọn ò tí ì ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ní kùtùkùtù, gbogbo wọn á yọ ẹnu sójú omi, ebi! Màá tún bu oúnjẹ sí i. Wọ́n ní oògùn kan wà tó ń mú ẹja sanra. Ta ló mọ̀ ọ́n?

Ìyá Ẹlẹ́ja Akẹ̀sán: Epìyà àbí àrọ̀? Mélòó? Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ ti ẹja.

Olóko Arówómọlẹ̀: Ẹ ṣà wọ́n, ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀! Àbúrò ìyàwó mi kò ṣa àrọ̀ tiẹ̀, ṣútà, àwọn tó yára tóbi ju ìyókù lọ, jẹ ẹgbẹ́ wọn tán. Gbèsè yẹn ṣì wà lọ́rùn mi.

Ọmọ Ajílété: Epìyà ni. 200 péré ni mo kó sí i, wọn ò pọ̀. Omi mi dára, àwọ̀ rẹ̀ tutù bí ewé.

Bàbá Ìbejì: Ẹ fi oògùn sílẹ̀. Kì í ṣe ebi ló ń yọ wọ́n lẹ́nu láàárọ̀, èémí ni wọ́n ń wá. Àwọn ewéko wínníwínní tó sọ omi yẹn di àwọ̀ ewé ń bá wọn mí atẹ́gùn inú rẹ̀ lóru. Oúnjẹ tẹ́ ẹ̀ ń bù sí i á jẹrà, á tún dá kún un. Ṣé akọ nìkan lẹ kó?

Ọmọ Ajílété: Ibo ni mo ti fẹ́ mọ akọ? Ọmọkùnrin kan ló fi àwọ̀n kó wọn fún mi lódò Ọbà. Ọ̀fẹ́ ni, ṣé kí n kọ̀ ọ́ ni?

Bàbá Ìbejì: Ó bùṣe! Epìyà oṣù 3 ti lè máa yé. Ẹnu ni abo ń há ẹyin sí, kì í sì í jẹun gidi nígbà náà, ìdí nìyẹn tí akọ fi ń yára tóbi jù ú lọ. 200 yẹn ti bímọ, ọmọ ti bímọ. Ẹ̀yin ń bọ́ agbo ilé.

Àdìó Texas: Ẹja bass ni wọ́n ń sìn sádágún níbí, ẹja kékeré tí wọ́n ń pè ní bluegill ni bass náà sì máa ń pa jẹ. Tí bass bá ti pọ̀ jù, wọn ò ní tóbi mọ́, orí ńlá, ara tínrín. Wọ́n á kó kéékèèké kúrò kí ìyókù lè rí jẹ. Abo ló ń tóbi nínú tiwọn ṣá.

Olóko Arówómọlẹ̀: Ẹ da àrọ̀ sí i, á jẹ àwọn ọmọ náà.

Ìyá Ẹlẹ́ja Akẹ̀sán: Àrọ̀ tó bá jù wọ́n lọ á jẹ ìyá jẹ ọmọ. Ẹ má ṣi ọlọ́mọ lọ́nà.

Olóko Arówómọlẹ̀: Ẹ̀yin ń yan ẹja, Ìyá, àwa là ń sìn ín.

Ìyá Ẹlẹ́ja Akẹ̀sán: Ta ló ń bá yín rà á?

Bàbá Ìbejì: Ẹ fa omi náà, ẹ kó gbogbo ẹja, kí ìsàlẹ̀ kòtò gbẹ títí á fi sán. Omi díẹ̀ tó bá ṣẹ́kù, ọmọ epìyà á sá síbẹ̀. Akọ nìkan ni kẹ́ ẹ rà padà. Tí wọ́n bá ti dàgbà díẹ̀, ẹ fi àrọ̀ tó kéré sí wọn kún un. Mélòó lẹ ti kó jáde rí?

Ọmọ Ajílété: Ìkankan. Mo ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí á fi tóbi.

Ìyá Ẹlẹ́ja Akẹ̀sán: Ẹ kó o wá s'Ọ́yọ̀ọ́, màá rà á fún dídín. Kì í ṣe iye tó wà lọ́kàn yín o.

Ọmọ Ajílété: Èló?