Àlejò, kọ́ńpìnnì àti owó: kí ni wọ́n sọ ìlú yín dà? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Ọ̀tà:
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, oko ẹ̀gẹ́ ni ẹ̀yìnkùlé wa ní Ọ̀tà. Kọ́ńpìnnì dé, àlejò tẹ̀lé e, ọmọ mi ò tiẹ̀ mọ bí ewé ẹ̀gẹ́ ṣe rí. Tiyín ńkọ́? Ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ sọ o, ẹ má ka ìwé ìròyìn fún wa.

Ọmọ Náítì:
Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ híhun kan ní Ìkejà láti 1978. Bí fèrè wọn bá ti dún láago mẹ́fà àárọ̀, màmá mi á gbé omi ògì kaná, torí bàbá ti jáde ní náítì nìyẹn. Nígbà tó yá, iná ò dúró mọ́, aṣọ òkèèrè kún ọjà, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Owó tí wọ́n jẹ wọ́n ò jáde títí bàbá fi kú. Ṣọ́ọ̀ṣì ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo bá ọ̀rẹ́ mi lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa, àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó níbi tí kápẹ́ẹ̀tì ò dé, àbàwọ́n ọ́ìlì ẹ̀rọ ṣì wà nílẹ̀. Ibi tí bàbá mi ti ń ṣe náítì ni wọ́n ti ń ṣe vigil.

Ìyá Ìbejì:
Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni o.

Apẹja Ìbẹ̀jú:
Nígbà tí kọ́ńpìnnì gba ilẹ̀ wa, wọ́n sanwó ẹ̀gẹ́ fún wa. Wọn ò sanwó ẹja.

Ọmọ Èjìgbò:
Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ kọ́ńpìnnì, àwa ò ní kọ́ńpìnnì ńlá kankan, Àbíjàn ló kọ́ ìlú wa. Bàbá bàbá mi ló kọ́kọ́ lọ, ó mú àbúrò ẹ̀ lọ, àbúrò mú ìyàwó lọ, ó kù díẹ̀ kí agboolé ṣófo. Tí ẹ bá dé ilé wa nígbà ọdún, Faransé làwọn ọmọ fi ń bú ara wọn, tí ìyá àgbà bá wá gbé igi wọ́n á fi Yorùbá bẹ̀bẹ̀. Mọ́tò ń gbéra láti Èjìgbò lọ Àbíjàn tààrà. Nígbà tí náírà ṣì lágbára, wọ́n ń fi àwọn tó ń ná sẹ́fà, owó Àbíjàn, ṣe yẹ̀yẹ́. SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba Babangida, dé ní 1986, náírà wó, ẹnu pa mọ́. Àní nígbà tí wọ́n gé iye sẹ́fà sí méjì ní oṣù Kínní 1994, a ṣì ń fi í kọ́lé.

Alágbàdo Òkè-Ògùn:
Ilé tí ẹ kọ́ tí ẹ tì pa ńkọ́? Mo sin ìyàwó kan wá sí Èjìgbò yẹn, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì márùn-ún lójú títì kan, mi ò rí èèyàn níbẹ̀. Ewúrẹ́ ni mo rí ní báàkónì.

Ọmọ Èjìgbò:
Ewúrẹ́ tiwa ni. Kí ló kàn ọ́? Ní 2011 tí ìjà ìbò gbóná ní Àbíjàn, ilé tí ò ń bú yẹn la sá wálé wá wọ̀. Èèyàn méjìlélógún nínú yàrá mẹ́fà.

Ọmọ Ìyá Kùmásì:
Ẹ ti dárúkọ sísá, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ó máa gùn díẹ̀. Ìyá tó bí màmá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Kùmásì ló bí gbogbo ọmọ ẹ̀ sí. Abọ́ tánganran ló ń tà. Àwìn ló ń tà á fún àwọn obìnrin abúlé kòkó, torí tí kòkó bá dé ni owó ń dé. Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969 ni ìjọba Busia ní Gánà kéde pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò nílùú, ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ìgbà tí kòkó ń wọlé gan-an ni o, ìgbà tó yẹ kí wọ́n máa sanwó! Ó gbé ìwé gbèsè, ìwé ọmọ ilé-ìwé lásán, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn kan tilẹ̀kùn, àwọn kan ní kó padà wá lọ́jọ́ ọjà mìíràn, wọ́n sì mọ̀ pé kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Ó ta abọ́ lówó pọ́ọ́kú, ó kó ọmọ mẹ́fà tó ń sọ Twi dé Ògbómọ̀ṣọ́, làwọn ọmọ àdúgbò bá ń pè wọ́n ní "Gánà". Màmá mi ní ọjọ́ yẹn lòun tó mọ̀ pé òun kì í ṣe ọmọ Kùmásì, àbẹ́ ẹ rí i, ìlú tí wọ́n ní ó jẹ́ tiwọn náà tún ń pè wọ́n ní àlejò.

Ó wá di 1983, a ti wà ní Ìbàdàn. Ọmọ Gánà kan tó ń ṣe bàtà gba yàrá lọ́dọ̀ ìyá yìí kan náà. Rédíò tún sọ̀rọ̀, ìjọba Nàìjíríà ní kí àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ, ọ̀sẹ̀ méjì tún ni. Gbogbo wa ń wojú ìyá. Kò sọ nǹkan kan. Ó yan gààrí mọ́jú, ó rọ ọ́ sínú àpò fún un, ó dá owó ilé oṣù mẹ́ta padà.

Ìyá Ìbejì:
Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà o, ẹni tó jókòó tì mí ti ń béèrè pé ta ló kú.

Kò-Sí-Irọ́:
Ẹ̀san ni 1983 jàre. Àwọn ló kọ́kọ́ ṣe é fún wa.

Tíṣà Ìfẹ̀yìntì:
Ẹ̀san kọ́. Nígbà tí owó epo pọ̀ la pè wọ́n wá. Ìjọba fẹ́ kí gbogbo ọmọ kàwé, tíṣà ò tó, ọmọ Gánà ló kún sẹ́kọ́ńdìrì wa. Owó epo já wálẹ̀, iṣẹ́ wọ́n, ìbò ń bọ̀ ní oṣù Kẹjọ, wọ́n wá ẹni tí wọn ó di ẹ̀bi rù. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọmọ Gánà ló kó ẹrù. Rawlings, olórí Gánà fúnra ẹ̀, ti ti bodè Tógò láti 1982, Kútọnu náà tìlẹ̀kùn, èèyàn há sí Sẹ̀mẹ̀. Ilé tí wọ́n tún wá ń lọ, ọ̀dá àti iná ti jó oko, egungun ọrùn tó yọ síta ni wọ́n ń pè ní "ṣéènì Rawlings". Kí lo ń pè ní ẹ̀san níbẹ̀?

Kò-Sí-Irọ́:
Ẹ̀yin tíṣà, ẹ ti sọ ọ́ di kíláàsì.

Tíṣà Ìfẹ̀yìntì:
Kíláàsì ló dùn mí. Ọmọ Gánà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní máàtì nílé-ìwé wa lọ, tíṣà agíríkì ló ń kọ́ wọn ní lógárítìmù títí wọ́n fi ṣe WAEC. Ẹ má bi mí léèrè èsì.

Ọmọ Ọ̀tà:
Ẹ gbọ́, kọ́ńpìnnì ni mo béèrè o.

Adétutù Hull:
Kọ́ńpìnnì wo? Èmi gan-an ni ọmọ Gánà yẹn báyìí. Arúgbó ni mò ń tọ́jú níbí ní Hull, ní ìlú Ọba. Láti 11 oṣù Kẹta 2024, ẹni tó gba físà wá ṣe irú iṣẹ́ wa ò lè mú ọkọ tàbí ọmọ wá mọ́. Màmá tí mò ń wẹ̀ ń wo tẹlifíṣọ̀n lánàá, ó ní àjèjì ti pọ̀ jù nílùú yìí, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ó wá ní kí n bá òun fi ṣúgà kún tíì òun.

Ọlọ́ṣẹ Dúdú:
Ẹ ṣáà mọ̀ pé "alata samina" ni wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú wa ní Gánà. Aláta ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Wọ́n lé wa, wọn ò lé ọṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ rà, mo wà ńlẹ̀ o.

Kò-Sí-Irọ́:
Ó ti bẹ̀rẹ̀ ọjà.

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ Ìyá Kùmásì, ìwé gbèsè yẹn ńkọ́?

Ọmọ Ìyá Kùmásì:
Ó wà lọ́dọ̀ mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló san. 1997, ìyá ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé, ó ní màmá òun tó kú ló ní kí òun wá san ogójì sídì. Ogójì sídì nígbà yẹn ò ra búrẹ́dì. Ìyá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ká mú bírò wá, ó fagi lé orúkọ ẹ̀.

Kò-Sí-Irọ́:
Báwo ló ṣe mọ ilé yín? Èmi ò gbà.

Ọmọ Ìyá Kùmásì:
Ó béèrè ní ọjà Tákìé. Ìyá Kùmásì ni gbogbo ọjà ń pè é, mélòó ló wà?

Alágbàdo Òkè-Ògùn:
Ọmọ Èjìgbò, ewúrẹ́ yẹn ṣì wà ní báàkónì?

Ọmọ Èjìgbò:
Ó ti bí méjì.