Báwo lèèyàn ṣe ń wọnú iṣẹ́ ìwádìí láti 200 level?

Ọmọ_Botany: Ẹ̀yin bọ̀dá àti àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Botany, ẹ̀kọ́ nípa ewéko, ni mò ń kà, 200 level ni mo wà, mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe rísáàṣì gan-an kí n tó dé ibi project. Ṣé mo kàn lè wọ ọ́fíìsì lẹ́kítọ́rà ni? Ojú ń tì mí.

Bọ̀dá_Lab: Àbúrò, má tijú rárá. Àmọ́ má lọ sọ pé o fẹ́ ṣe rísáàṣì lásán o, wọ́n á ní kó o máa lọ ni. Wá orúkọ wọn lórí Google Scholar, ìkànnì tí wọ́n ti ń wá pépà ìwádìí, ka pépà wọn kan, kódà bí ò bá yé ẹ tán, kó o wá lọ bi wọ́n ní ìbéèrè kan pàtó. Èmi o, igo ni mo kọ́kọ́ ń fọ̀, oṣù méjì gbáko, ìgbà tí wọ́n rí i pé mi ò fọ́ ẹyọ kan ni wọ́n tó gbé pipette, ohun tí wọ́n fi ń fa omi díẹ̀díẹ̀ ní lab, lé mi lọ́wọ́, ṣe lọwọ́ mi ń gbọ̀n 😂

Àǹtí_Ìbàdàn: Fi IT ẹ náà sọ́kàn, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ níta iléèwé, tí wọ́n tún ń pè ní SIWES. Oṣù mẹ́fà SIWES yẹn, ìdí ẹ̀rọ fọtokọ́pì lọ̀pọ̀ ti ń fi ṣòfò. IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn níbí, máa ń gba ọmọ IT, iṣẹ́ ẹ̀gẹ́, iṣu àti ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣe, ó bá Botany mu. Tètè kọ lẹ́tà o.

Ọmọ_Botany: Ẹ ṣé gan-an mà. Ṣé wọ́n ń sanwó ní lab yín, bọ̀dá?

Bọ̀dá_Lab: Owó kẹ̀? Gàrí àti ẹ̀pà ni.