Àyà ló já, ẹ̀jẹ̀ kò ru

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o.

Ọ̀gbẹ́ni tó kọ̀wé lọ́sẹ̀ yìí ní kí á máa pe ádírẹ́nálì, oje tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ọkàn sáré, ní «oje ẹ̀rù». Ó ní nígbà tí ọkàn bá ń sáré tí ìfúnpá, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan, sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, «ẹ̀jẹ̀ ríru òjijì» ni ká pè é. Mo mọ̀ pé ó ṣe làálàá, mo sì dúpẹ́ pé ẹnì kan ń ro irú nǹkan báyìí ní Yorùbá. Ṣùgbọ́n inú bí mi, n kò lè dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú «ẹ̀rù». Ibi mẹ́ta ló ti kọ ọ́ láìfi àmì sí i, «oje ẹrú» ni mo sì kà kí n tó padà sẹ́yìn. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Orúkọ náà kò sọ òtítọ́ ni. Ẹran kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín bíi fìlà ló ń tú ádírẹ́nálì sínú ẹ̀jẹ̀, kì í béèrè bóyá ẹ̀rù ló ba èèyàn tàbí inú ló bí i. Láti 1915 ni Walter Cannon, onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ pé ìbẹ̀rù àti ìbínú, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà ta á jí. Ọdẹ tó dúró de ẹfọ̀n àti èyí tó sá, ohun kan náà ló ń ṣiṣẹ́ lára àwọn méjèèjì. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí kókó yọ sí lára ẹran yìí, phaeochromocytoma ni àwọn dókítà ń pè é. Wọn á jókòó jẹ́ẹ́, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn, òógùn á bò wọ́n, àyà á máa lù kì-kì-kì. Ẹ̀rù wo ló wà níbẹ̀?

Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ kò dárúkọ ẹ̀rù rárá. John Abel, onímọ̀ ìṣègùn ará Amẹ́ríkà, pè é ní epinephrin ní 1897, èdè Gíríìkì ló fi sọ pé ó wà lórí kíndìnrín. Jokichi Takamine, ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, pè é ní adrenalin ní 1901, Látìnì ló fi sọ pé ó wà nítòsí rẹ̀. Ibi tó ń gbé ni wọ́n fi pè é. Bí a bá ní dandan ni ká túmọ̀ rẹ̀, «oje orí-iwe» sàn jù. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní iwe adìẹ nìkan lòun mọ̀. Ìyá tó bí mi ń pe kíndìnrín ẹran ní iwe, n kò ní jiyàn lórí ìyẹn. Ní tèmi, ádírẹ́nálì tó, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

«Ru» ló wá dá mi lágara jù. Òkun ń ru gùdù. Ohun tó bá ń ru, ó ti gbé ara rẹ̀ sókè, kò sì ní tètè sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi bá àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ mu. Ṣùgbọ́n ádírẹ́nálì kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti ń lọ. «Já» ni ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Bí okùn bá já, ó já náà nìyẹn.

Ogún ọdún ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kan mo ń wé aṣọ mọ́ apá ìyá àgbà kan láti wọn ìfúnpá wọn, bẹ́ẹ̀ ni táyà tírélà bẹ́ gbàmù lójú títì. Mo rí iṣan ọrùn wọn tó ń mì. Ẹ̀rọ kọ 172 lórí 96, ọkàn wọn ń lù ní 118 láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo ní, «Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín ru o.» Wọ́n wò mí, wọ́n ní, «Nọ́ọ̀sì ọmọ mi, àyà mi ló já, ẹ̀jẹ̀ mi ò ru.» Mo fún wọn ní àga, wọ́n sinmi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó ti di 134 lórí 82.

Kí ni ká máa fi «ríru» dẹ́rù ba irú wọn sí? Ẹ wo ìdílé ọ̀rọ̀ tí a ní: jáyà, payà, fòyà, láyà, gbóyà. Ọ̀rọ̀ ojo ni o, ọ̀rọ̀ akíkanjú ni o, àyà ló wà nínú gbogbo wọn. «Ìfúnpá ìjáyà» ni màá kọ sínú ìwé aláìsàn bí ìpayà bá fà á. Bí kì í bá ṣe ìpayà, «àyà lílù» tó.

Sí ẹni tó ní oògùn tí wọ́n ń so mọ́ apá nìkan ni ìfúnpá, pé kò yẹ ká fi pe ti ẹ̀jẹ̀: ibi tí bàbá mi àgbà ń so tiwọn mọ́, lókè ìgunpá, náà ni mo ń wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́. N kò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará Èkìtì àti Oǹdó tó wà láàárín wa, kí ni àwọn ìyá yín ń sọ nígbà tí àyà bá ń lù wọ́n báyìí? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i.