Oògùn tó jẹ́ àti oògùn tó dínà

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ọ̀fà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ọ̀rọ̀ "ìmúnádóko" nìkan ti tó láti fi sọ agbára abẹ́rẹ́ àjẹsára lórí àrùn fáírọ́ọ̀sì ẹlẹ́dẹ̀, ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú. Ẹ má bínú, mi ò gbà.

Ẹni tó múná dóko, oko ta ni iná náà jó? Iṣẹ́ méjì ni à ń retí lọ́wọ́ abẹ́rẹ́: kí ẹlẹ́dẹ̀ tí a gún má ṣàìsàn, kó má sì kó o ran ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ lè gba abẹ́rẹ́ kó máa jẹun, kó máa sanra, kí fáírọ́ọ̀sì ṣì máa bá ikun imú àti ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí fi ń kó ẹlẹ́dẹ̀ tí a ti gún, èyí tó ti kó àrùn àti èyí tára rẹ̀ dá, sínú ilé kan náà, tí wọ́n á wá ka iye tó kó o. Bí mẹ́wàá tó ti kó o kò bá lè ran tó mẹ́wàá mìíràn, àrùn ń kú lọ nìyẹn.

Fún iṣẹ́ kìíní, a ní ọ̀rọ̀ nílé: oògùn jẹ́, oògùn ò jẹ́. Ìyá mi ní Òmù-Àrán kò ní sọ láéláé pé àgbo òun múná dóko. Fún èkejì, mo mú "ìdínà-àkóràn" wá. "Ìséràn" tí ẹnìkan dá lábàá níjọ́sí dùn létí, àmọ́ ẹ kọ ọ́ láìfàmì sí i, ẹran sísè ni wọn á kà á sí.

Ẹni tó ní "àjẹsára" kò yẹ nítorí pé gígún la gún un, kì í ṣe jíjẹ: inú orúkọ màlúù ní èdè Látìn lọ́rọ̀ òyìnbó fún un, "vaccine", ti wá, torí àrùn màlúù ni Edward Jenner, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi dènà ṣọ̀pọ̀nná ní 1796. Wọ́n ń fi pe ti ẹlẹ́dẹ̀ lónìí, màlúù ò bínú. Ohun tí èmi rí sí àjẹsára ni "sí ara" inú rẹ̀: ara ẹni tó gbà á ló mọ, kò dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò.

Ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀kan lára àrùn fáírọ́ọ̀sì ẹlẹ́dẹ̀, jà ní Nàìjíríà ní 1997. Vietnam fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ kan fún un ní 2022. Bí irú rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wa lọ́la, ẹ ka èyí sí etí ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ l'Ọ́fà: "Abẹ́rẹ́ yìí jẹ́, àmọ́ kò dínà àkóràn." Kí ẹ wá ka ti "ìmúnádóko" tẹ̀ lé e, kí ẹ sọ èyí tó yé e fún wa.